Iṣu Ìyá Mojèrè

Mo lóṣòó sínú igbó, mò ń tọ̀, ẹ̀gún ń gún ìdí ńlá mi, nígbà tí mo rí Fátóyè, ọmọ ọmọ mi, nídìí ìpàtẹ iṣu. Ilẹ̀ ti ṣú. Láti àná, èmi àti ẹ̀ kò tíì fẹnu kan nǹkan, kò sì sí kọ́bọ̀ lápò wa. Kò sí olùtajà níbẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀gbẹ́ iṣu kọ̀ọ̀kan ló ń sọ iye owó rẹ̀, bí a ti ń pàtẹ lọ́nà oko wa.

Ó mú ọ̀kan. Gbogbo kòkòrò igbó pa lọ́lọ́.

Iyẹ̀pẹ̀ tútù wà lára iṣu náà, bẹ́ẹ̀ oṣù tó kọjá la sin Ìyá Mojèrè tó ni ìpàtẹ.

“Gbé e, ọkọ mi,” ohùn ìyá náà wí lẹ́yìn iṣu, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Èmi kò lẹ́nu ìjẹun mọ́.”

Ìtọ̀ mi sá padà sílé ẹ̀!

Fátóyè dá iṣu padà, ó dọ̀bálẹ̀, ó ń sunkún. “Ẹ forí jì mí, Mámà. Jíjí ni mo fẹ́ jí i.”

Nígbà tó dìde, òkúta ẹ̀gbẹ́ iṣu yẹn nìkan ti pòórá.

Síbẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Mo jáde nínú igbó, ó sì dì mí lọ́wọ́ mú. “Ẹ jẹ́ ká lọ, Ìyá Àgbà.”

Ebi tẹ̀ lé wa délé.