Sítíárìn Ọ̀gá Títì

Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni bàbá náà fi wa ọkọ̀ èrò, kò sì pa adìẹ rí lójú títì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀gá Títì. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀tún rẹ̀ ti kú pátápátá, òjìji lásán ni tòsì sì ń rí. Dókítà ló sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù kan náà. Nígbà tó fi máa délé lọ́jọ́ yẹn, bàbá ti gbé ọkọ̀ jáde.

Nọ́ọ̀sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ mẹ́rin ni bàbá fi kọjú sí ògiri, kò jẹun, bí wọ́n bá sì bi í ní nǹkan, "ó dáa" ni ìdáhùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń bá ọmọ ẹlòmíì wí lórí oògùn ò lè bá bàbá tirẹ̀ wí. Ó dá kọ́kọ́rọ́ padà, ó lọ sunkún ní kíṣìnnì.

Ìgbà náà ló ra ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀. Ọkọ̀ náà kì í tòògbé, kì í bínú, kì í sáré àsápajúdé, ó sì ń rí iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àléébù rẹ̀ ò ju pé ojo ni. Bí atẹ́gùn bá gbé ọ̀rá kọjá, á dúró gbọin. Bó bá rí kòtò, á kọ́kọ́ dúró ronú, á sì fi ohùn bí ti èèyàn kéde rẹ̀. Bàbá wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì bọ́ sílẹ̀.

"Èmi ni ọkọ̀ fẹ́ máa gbé kiri bí àpò sìmẹ́ńtì?" ó wí.

Nọ́ọ̀sì gbé ọkọ̀ náà lọ bá mẹkáníìkì. Ọdún mẹ́jọ ni mẹkáníìkì yìí fi ṣe ọmọọṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá kó tó dá dúró, títí di òní, kì í jókòó níbi tí bàbá bá dúró sí.

"Bọ̀dá, ẹ bá mi já sítíárìn àti bíréèkì kúrò lára iṣẹ́, kí wọ́n kàn wà níbẹ̀ lásán," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ pa ẹnu ọkọ̀ náà dé pẹ̀lú, kó má sọ̀rọ̀ mọ́. Kí bàbá ṣáà rò pé àwọn ni wọ́n ń wà á."

Mẹkáníìkì fọwọ́ kan sítíárìn náà. "Mo gbọ́," ó wí.

Bí ọkọ̀ ṣe ti ibẹ̀ dé ni bàbá padà di èèyàn. Ó ń fá irùngbọ̀n, ó ń nu gíláàsì. Láràárọ̀, á gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé, á sì já nọ́ọ̀sì sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì á jókòó níwájú, ọmọ á máa sùn lẹ́yìn.

"Máa bá mi sọ̀rọ̀ o," bàbá á ní. "Kí lo rí?"

"Iná ti pupa, bàbá. Ìyá kan fẹ́ sọdá, ó di ọmọ lọ́wọ́ mú. Wọ́n ti sọdá."

"Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè," bàbá á fèsì, á sì rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì ń bá a ṣe eré náà bí ẹni ń tan ọmọdé. Bó bá wo ọwọ́ bàbá tó ń yí sítíárìn, àánú á ṣe é, ojú á sì tì í díẹ̀. Ọkọ̀ náà gan-an ti gbọ́n sí i. Kì í dúró fún ọ̀rá mọ́. Kòtò tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, á ti yà fún un kí wọ́n tó débẹ̀. Wọ́n kúkú ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń kẹ́kọ̀ọ́.

Nígbà tó di oṣù kẹta, wọ́n gbé nọ́ọ̀sì sí iṣẹ́ ọ̀sán. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, aṣọ ilé ló wọ̀ jáde sí ẹnu géètì, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá ti jókòó sídìí ọkọ̀. "Ṣé o ò bá wa lọ ni?"

"Ẹ máa lọ, bàbá. Mo fẹ́ sùn díẹ̀ sí i."

Bàbá fọwọ́ kan ìjókòó tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó yíjú sẹ́yìn. "Ọmọ mi, bọ́ síwájú, wá máa bá bàbá àgbà sọ̀rọ̀."

Ọmọ ọdún mẹ́fà náà bọ́ síwájú. Nọ́ọ̀sì so bẹ́líìtì mọ́ ọn. Orí rẹ̀ ò ga dé gíláàsì.

"Ojú ọ̀run nìkan ni mò ń rí," ọmọ náà wí.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ti ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ rọra yà sí títì, nọ́ọ̀sì sì juwọ́ sí wọn. Ọjọ́ kìíní nìyẹn láti ọdún méjì tí bàbá máa jáde láìsí òun, tí àyà òun ò sì já. Nígbà tó wọlé, ó rí fóònù bàbá lórí tábìlì.

Kò tíì jókòó tí mẹkáníìkì fi kan géètì.

"Ẹ káàárọ̀ o," ó wí. "Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn látọjọ́ pípẹ́. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, ojú lọ̀rọ̀ wà." Ó wo ibi tí ọkọ̀ máa ń wà. Ó wo aṣọ ilé tó wà lọ́rùn nọ́ọ̀sì. "Ta ló jókòó ti ọ̀gá?"

"Ọmọ mi. Kí ló dé?"

Mẹkáníìkì di irin géètì mú.

"Ọ̀gá ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di sítíárìn mú, mi ò lè já a gbà lọ́wọ́ wọn," ó wí. "Ẹ̀rọ tó ń wa ọkọ̀ yẹn ni mo yọ, látọjọ́ tí ẹ ti gbé e wá, mo sọ fún wọn, wọ́n ní kò séwu, pé ẹ ó máa jókòó tì wọ́n, ojú yín làwọn ó fi máa wà á."