Ìbọn Tí Tìrìmísíyù Fá, Àrọ Ṣàíbù Tó Tutù

Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni Ṣàíbù, alágbẹ̀dẹ ní Mushin. Ìgbà ọyẹ́ ọdún 1932 ni wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe já ìtàn yìí sílẹ̀ ní agbedeméjì. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fún ẹlòmíràn kà, torí pé ìparí rẹ̀ ni ìwà ìkà náà wà.

1.

Tìrìmísíyù ń ṣiṣẹ́ irin ní rélùwéè ní Èbúté Mẹ́tta, Òtò ló sì ń gbé. Yẹ̀kínnì àbúrò rẹ̀ kò kúrò ní Mushin; oko ló ń ro, ó sì ń ṣọdẹ. Nígbà tí bàbá wọn kú, ìbọn ṣakabùlà bàbá di ti Tìrìmísíyù, torí òun ni àgbà.

Ìbọn náà gùn, ó sì wúwo. Ìnáwó òkú olórí ọdẹ Mushin ń bọ̀, níbi tí gbogbo ọdẹ yóò ti yìnbọn. Tìrìmísíyù fẹ́ kí ìbọn ilé wọn fúyẹ́, kí ó máa dán, kí gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ó gbé e lọ sí àrọ Ṣàíbù.

Ṣàíbù ní òun lè gé ẹnu rẹ̀ kúrú, òun sì lè gbẹ́ igi mìíràn tó fúyẹ́ sí i, ṣùgbọ́n òun kò ní fọwọ́ kan irin ìdí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹtù ti ń jó. Ó tún ní bí òun bá parí, òun yóò so ó mọ́ ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn àrọ, òun yóò sì fi okùn gígùn fà á láti ẹ̀yìn ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá òun ń ṣe. Ìbọn kan kì í kúrò ní àrọ àwọn láìjẹ́ pé igi ti kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ó gbé e kọ́ ara ògiri, ó ní kí ó ní sùúrù, iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn wà nílẹ̀. Gbogbo ẹni tó wá pọ́n àdá ló rí ìbọn náà níbẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

2.

Tìrìmísíyù kò lè dúró. Kí Ṣàíbù tó fọwọ́ kan ìbọn náà rárá, ó ti padà wá gbà á.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, irin lèmi náà ń bá jà láti àárọ̀ dalẹ́. Ọkọ̀ tó ń gbé ènìyàn lọ sí Ìbàdàn, ọwọ́ wa ló ń gbà kọjá.”

Ṣàíbù rẹ́rìn-ín. “Mo gbọ́, ọ̀gá rélùwéè. Ṣùgbọ́n èédú ni ọkọ̀ yín ń jẹ, ẹtù ni eléyìí ń jẹ. Bí o bá ṣe é tán, so ó mọ́ igi. Má fi èjìká ènìyàn dán an wò.”

Tìrìmísíyù ní òun ti gbọ́.

Ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Òtò, ó mú fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin, ó fá irin náà láti ẹnu dé ìdí, títí ó fi tín-ín-rín tó sì ń dán bíi dígí. Ọjọ́ náà ni Ìdíátù, ìyàwó Yẹ̀kínnì, gbé ẹ̀gẹ́ wá láti oko láti kí i. Bí ìyàwó ilé ti ń ṣe, ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá èérún irin náà dànù. Kò lè pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Orúkọ ọmọ ló fi ń pè é.

Ó fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé, “Bàbá Sìdíkàt, ẹ mà ti fá orí ìbọn bàbá bí ọmọ tuntun.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Tìrìmísíyù kò sì so ìbọn mọ́ igi kankan.

3.

Ní ọjọ́ ìnáwó, ó pe àbúrò rẹ̀ sí àárín agbo, ó na ìbọn sí i. “Ìwọ ni ọdẹ ilé wa. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ yìn ín.” Àwọn ènìyàn yìn ín pé ẹ̀gbọ́n rere ni.

Yẹ̀kínnì wo ìdí irin náà, ó rí i pé ó ti fẹ́lẹ́. Ó fẹ́ béèrè ẹni tó ti yìn ín wò. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, lọ́dọ̀ tiwa, ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò na nǹkan sí lójú agbo, tí yóò béèrè bóyá ó lè pa òun? Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó gbà á.

Ìbọn náà bẹ́ láti ìdí. Ní ọsibítù, wọ́n gé ọwọ́ ọ̀tún Yẹ̀kínnì ní ọrùn ọwọ́.

Èéfín kò tíì túká tí ẹnìkan fi béèrè ẹni tó tún ìbọn náà ṣe. Gbogbo ojú yí sí Tìrìmísíyù. Ó ní, “Ṣé ẹ kò rí i lára ògiri Ṣàíbù ni?”

4.

Ọlọ́pàá mú Ṣàíbù lọ. Ó ní Tìrìmísíyù ti gba ìbọn rẹ̀ padà kí òun tó fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Wọ́n dá a sílẹ̀ nígbà tó yá, torí wọn kò rí ẹ̀rí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dá orúkọ rẹ̀ padà fún un. Àwọn ọdẹ kó ìbọn wọn kúrò. Ọkọ́ àti àdá pàápàá, kò sẹ́ni tó gbé wọn wá mọ́. Ẹwìrì dákẹ́, iná àrọ kú. Ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ rọ irin ń ru ẹrù ní Ìjọra báyìí.

Ìdíátù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ ní ọsibítù ní gbogbo àkókò yìí. Ìgbà tó dé ilé ló gbọ́ ẹni tí wọ́n di ẹ̀bi rù. Nígbà tí ẹbí pé jọ láti kí Yẹ̀kínnì kú ewu, ó kúnlẹ̀ níwájú Tìrìmísíyù, kò sì dìde.

“Bàbá Sìdíkàt, ọwọ́ tí mo fi gbá èérún irin nílé yín nìyí. Ọwọ́ àbúrò yín ti lọ, mi ò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ kàn lọ sí àrọ Ṣàíbù, kí ẹ sọ fún àwọn ará Mushin pé ẹ̀yin lẹ fá a.”

Àwọn àgbà ní kí ó dákẹ́, pé ìyàwó kì í bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Yẹ̀kínnì nìkan ni kò dá a lẹ́kun. Tìrìmísíyù mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ṣọ́ra. Bí iṣẹ́ bá ní oníṣẹ́, ẹ gbé e fún un, kí ẹ sì ní sùúrù. Bí ẹ bá sì fọwọ́ ara yín ṣe é, ẹ má fi ara ọmọ ẹlòmíràn dán an wò, ẹ má sì wá ẹni tí ẹ ó gbé ẹ̀bi rẹ̀ kà lórí. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ọdún kejì rèé tí àrọ náà ti tutù. A tún ń béèrè, lójú gbogbo ayé: Tìrìmísíyù, ta ló fá ìbọn náà?