Ẹnì Kan Lóòjọ́

Ọdún kan ààbọ̀ ni Àbíkẹ́yìn lò ní ìlú òkèèrè kó tó wá kí bàbá rẹ̀. Kò tíì jókòó dáadáa tí bàbá fi gbé kọ̀ǹpútà ka iwájú rẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá kí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Báyìí, ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ ló ń kọ sórí ìkànnì kékeré kan tí alátùnṣe fóònù bá a ṣí: ilẹ̀kùn tó kàn tí kò ṣeé tì, àga tó wó mọ́ oníbàárà nídìí. Òǹkà kan wà nísàlẹ̀ ìkànnì náà. Iye ẹni tó wá kàwé lóòjọ́ ló ń kà. Kì í ka bàbá fúnra rẹ̀ mọ́ wọn.

"Wò ó," ni bàbá wí. "Ẹnì kan lánàá. Ẹnì kan níjẹta. Aago mẹ́fà àárọ̀, o ti dé. Tí mo bá ti rí i, mo mọ̀ pé ọmọ mi jí ire, tíì á sì lọ lọ́nà ọ̀fun mi."

Àbíkẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Lóòótọ́ ló ṣèlérí pé òun á máa kà á lójoojúmọ́. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kà á. Kò mọ ẹni tó ń kà á.

"Àfi ọjọ́ mẹ́ta kan nígbà òjò. Òdo, òdo, òdo. Oúnjẹ ò wọ ẹnu mi. Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Ara mi ò yá díẹ̀, bàbá mi."

Irọ́ náà jáde bí ìṣó tí a fà yọ lára pákó jíjẹrà. Kò lè wojú bàbá.

Àkọ́bí, ẹ̀gbọ́n Àbíkẹ́yìn, gbé tíì wọlé, ó fọwọ́ kan di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú.

"Ìyẹn ò béèrè rí pé kí ni mò ń kọ," ni bàbá wí. "Ọ̀rọ̀ ṣúgà nìkan la jọ ń sọ. Ìwé ò sí lára tiẹ̀."

"Ẹ rọra jókòó, bàbá," ni Àkọ́bí dáhùn, "kí àga tiyín náà má lọ wó."

Nídìí àwo fífọ̀, Àbíkẹ́yìn bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ṣe yín lẹ́gbẹ̀ẹ́?"

"Wọ́n là á nígbà òjò. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jẹ ọbẹ̀ ọsibítù tí kò níyọ̀. Ìyẹn gan-an ló fẹ́ pa mí. Ó ti jinná."

"Ẹ ò sì pè mí."

"O níṣẹ́ lọ́wọ́."

Lọ́jọ́ kejì, kí aago mẹ́fà tó lù, Àbíkẹ́yìn ṣí ìkànnì náà lórí ibùsùn. Ó ní bí òun bá bẹ̀rẹ̀ lónìí, irọ́ náà á di òtítọ́ díẹ̀díẹ̀. Kò pẹ́ tí bàbá fi pè é sí pálọ̀.

"Ó di méjì lónìí. Ta wá ni ẹnì kejì?"

"Mi ò mọ̀, bàbá mi."

"Lọ bá mi bu ṣúgà sí tíì yìí, ká fi yọ̀."

Nínú kíṣìnì, Àkọ́bí kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn, ó fi fóònù rẹ̀ ti agolo ṣúgà, ó ń fi ìka tọ ìtàn tí bàbá kọ lánàá ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ sì ń mì bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kà.