Kíkí Tí Olùṣọ́ Géètì Kò Dáhùn

Olùṣọ́ géètì ń sọ ọ̀pá kalẹ̀ dí ọ̀nà Agbaja, lẹ́yìn Lọ́kọ́jà, nígbà tí Bámiṣayé ọlọ́kadà já sí ojú irin.

"Òkun o, bàbá!" Ó kí i bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn ní ìlú wọn.

Bàbá na àsíá pupa sókè, ojú rẹ̀ kò kúrò lára irin.

"Ọmọ ìlú kan náà ni wá, ẹ ò lè dá mi lóhùn? Abájọ tí ẹnikẹ́ni kì í fi í bá yín jókòó!"

Ọkọ̀ ojú irin kọjá gììrì. Bàbá ṣí géètì, ọ̀kadà sì bá eré lọ.

"Òkun o, Bámiṣayé. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Oko ńkọ́?"

Eruku nìkan ló gbọ́.

Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, báyìí ló ṣe dá ará ìlú rẹ̀ kan lóhùn, ó béèrè ilé, ọmọ àti oko láì fo ọ̀kan. Kó tó rántí pé òun kò tíì ti géètì, ọkọ̀ ojú irin ti dé. Ìyàwó rẹ̀ ń gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ bọ̀ láti Gadumo. Ó rí géètì ní ṣíṣí. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ó bọ́ sójú irin. Ṣebí ọkọ òun ló ń ṣọ́ ọ.