Ta Ló Ni Ìkànnì Yìí?

"Àkọsílẹ̀ ìjọba kì í ṣe awo, ọmọ yìí! Kà á sókè!"

Baálẹ̀ ló ń lu tábìlì ní ọ́fíìsì ìjọba n'Ígbókòdá. Ìkànnì ayélujára kan tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ń sọ fáráyé pé Baálẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ pọ́ńbélé, kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Ó ti búra pé ẹni tó ni ín yóò kó kúrò lábúlé.

Akọ̀wé tẹ kọ̀ǹpútà. "Abilékọ Ọmọlará Ayédùn ló ni ín, bàbá."

"Háà! Ṣebí ìyàwó yín nìyẹn?" ni ẹnì kan kígbe láàárín èrò.

Baálẹ̀ yọjú lójú fèrèsé. Ìyàwó tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá ṣì jókòó létí omi, ó di àjẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi," Baálẹ̀ rọra bi akọ̀wé, "ṣé kò sí ọ̀nà ilẹ̀ tó dé abúlé wa ni?"