Bátìrì Ọkọ̀ Bàbá Àgbà

Ọkọ̀ akẹ́rù wa tún kọ̀, kò sítáàtì.

Yìnyín ti fẹ́ dí ọ̀nà ìpínlẹ̀ Dakota pa. Bí a ò bá mú Bàbá àgbà dé ilé ìtọ́jú arúgbó tí wọ́n á máa gbé kó tó di ọ̀sán, wọ́n á gbé ibùsùn Bàbá àgbà fún ẹlòmíràn.

"Mo ki wáyà tó ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná bọ iná mọ́jú kí òtútù má baà mú un dì," Dádì ń kùn. "Kí ló tún kù, Bàbá?"

"Bátìrì ló gbó, Leif. Ṣé ìwọ ò ní gbó ni?"

Dádì bínú wọlé lọ pe mẹkáníìkì.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹnìkan ti tú wáyà orí bátìrì.

Mo bojú wẹ̀yìn. Bàbá àgbà ń ti sípánà bọ inú ìbọ̀wọ́. Ojú wọn ń bẹ̀ mí.

Dádì jáde. "Marit, kí lo rí?"

Mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

"Bátìrì ti gbó lóòótọ́, Dádì."