Fèrèsé Tí Mosúnmọ́lá Ń Bẹ̀rù

Ọjọ́ tí àwọn ayàwòrán-ilé máa ń wá sílé ìwé ni. Ilé ìwé tuntun tí àwọn ọmọ bá yà láàárọ̀, ẹ̀rọ á ti kọ́ ọ tán kí oòrùn tó wọ̀. Fadérera, ayàwòrán-ilé, yẹ iṣẹ́ gbogbo kíláàsì wò, inú bí i dé góńgó. Kò sẹ́ni tó ya fèrèsé.

"Tíṣà, ilé ìwé lèyí àbí pósí?"

"Ẹ má bínú, mà. Ògiri tó ń tanná ni wọ́n bá láyé; wọn ò rí fèrèsé rí."

Fadérera já bírò gbà, ó ya fèrèsé gbàgàdà sí àwòrán Mosúnmọ́lá, ọmọ ọdún méje. Ọmọ náà fà sẹ́yìn.

"Àǹtí, ta ló máa máa ṣọ́ wa láti ibẹ̀ yẹn?"

Fadérera fọwọ́ gbá ògiri kíláàsì. Ó kọjú sí tíṣà.

"Ẹ wá òòlù fún mi. Ògiri yìí gbọ́dọ̀ lu lónìí!"